Ẹ́ńjìnnì ṣẹ́ẹ̀sì tí mo fọwọ́ ara mi kọ: kí n tà á ni, àbí kí n fi tọrẹ?

Adékóòdù (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó ṣe ohun tí màá kábàámọ̀.

Iṣẹ́ báǹkì ni mo fi ń jẹun. Àmọ́ ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọ ẹ́ńjìnnì ṣẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, lálẹ́, bí àwọn ọmọ bá ti sùn. C++ ni mo fi kọ ọ́. Ó gbọ́ UCI, èdè tí àwọn ẹ́ńjìnnì fi ń bá ètò mìíràn sọ̀rọ̀, ẹ lè gbé e sínú CuteChess, ètò tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bá ẹ́ńjìnnì ta, kó máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ta. Kì í ṣe ọ̀gá láàárín wọn o. Bí Stockfish, ẹ́ńjìnnì ọ̀fẹ́ tó lágbára jù lọ, bá gbá a mú, á lù ú bí ẹni lu bàrà. Ṣùgbọ́n kò tíì sí èèyàn ẹlẹ́ran ara ní àdúgbò mi tó borí rẹ̀, títí kan ọkùnrin kan ní Mọ́kọ́lá tó máa ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá àgbà.

Ẹnì kan tó ní ilé ìkọ́ni kọ̀ǹpútà wá bá mi. Ó ní òun fẹ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà ogún, ₦5,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦100,000 nìyẹn. Ìyàwó mi gbọ́, ó ní, "Ọdún mẹ́ta tí epo bẹntiróò fi ń jó nílé yìí, a wá ń rí ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀." Ọ̀rẹ́ mi kan tóun náà ń kọ kóòdù ní tirẹ̀ ní ìtìjú gbáà ni, pé ta ní ń ta ẹ́ńjìnnì ṣẹ́ẹ̀sì láyé ìsinsìnyí nígbà tí èyí tó dáa jù lọ wà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí lẹ rí sí i?

Òǹtajà_Alẹ́ (Èkó)

Tà á. Kí la tún ń jíròrò? Owó dúró sẹ́nu ọ̀nà, o ní kó dúró kí o lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí o bá fún ọkùnrin yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, òun á gbówó lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lé e lórí. Mo mọ̀ wọ́n.

Bàbá_Leeds

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọdún mẹ́ta lóru kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí àgbàlagbà tó ti náwó sórí nǹkan yìí bá ọ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, ọjọ́ ti pẹ́, àpò ara ẹni la fi ń ra ẹ́ńjìnnì. Mo ra Fritz. Mo ra HIARCS ti Mark Uniacke. Mo ra Shredder, ti Stefan Meyer-Kahlen ará Jámánì. Kò sẹ́ni tó rí i bí ìtìjú, torí àwọn tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà kò lè dúró níwájú wọn. Ní oṣù Kejìlá 2005 ni Rybka ti Vasik Rajlich yọjú, ó sì gbá gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á báyìí, mo ti rà á.

Ìlawọ́ ló pa ọjà yẹn. Fabien Letouzey ará Faransé tẹ́ kóòdù Fruit sílẹ̀ kí gbogbo ayé kà á, Fruit yìí kan náà ló sì ṣe ipò kejì nínú ìdíje àgbáyé ní Reykjavik ní 2005. Ta ni ò lọ kà á? Tord Romstad ará Norway náà tẹ́ Glaurung sílẹ̀. Marco Costalba ará Ítálì gbé Glaurung ní 2008, ó tún un ṣe, ó sọ ọ́ ní Stockfish. Láti 2013 wọ́n ti ní ibi tí wọ́n ń pè ní Fishtest, tí àwọn èèyàn káàkiri ayé ti ń yá Stockfish ní kọ̀ǹpútà wọn kó fi dán ara rẹ̀ wò tọ̀sán tòru. Ìwọ àti laptop kan, pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ta lẹ fẹ́ bá du ìyẹn?

Komodo gbìyànjú. Don Dailey àti Larry Kaufman ló ni ín. Don kú ní oṣù Kọkànlá 2013, oṣù tó tẹ̀ lé e ni Komodo gba ife TCEC, ìdíje àwọn ẹ́ńjìnnì. Kò fojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tó di 2018, Chess.com ra gbogbo rẹ̀ pátá. Àwọn tó tà tó sì tà fún wọn nìyẹn o. Ìwọ, fi tọrẹ, kí orúkọ rẹ wà níbẹ̀.

Títí_Houston

Bàbá, ẹ kú ìrántí. Ibì kan ni mo fẹ́ tún ṣe. Letouzey náà tà. Lẹ́yìn Fruit 2.1 ló pa kóòdù dé, èyí tó tẹ̀ lé e sì di ti owó. Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ẹni mímọ́.

HIARCS àti Shredder tí ẹ sì dárúkọ, wọ́n ṣì ń tà wọ́n títí dòní, bẹ́ẹ̀ Stockfish ti kọjá wọn tipẹ́. Ẹni tó ń rà wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe agbára lòun ń rà. Ojú tó dùn ún wò ló ń rà, àti ẹ́ńjìnnì tó mọ bí a ṣe ń ta bí ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá jókòó níwájú rẹ̀. Nítorí náà kí Adékóòdù sọ fún wa: kí gan-an ni ọkùnrin yẹn fẹ́ fi ṣe?

Agbẹjọ́rò_Àkúrẹ́

Kí ẹ tó pín owó, mo ní ìbéèrè kan. Ṣé gbogbo kóòdù inú rẹ̀ ni ìwọ fúnra rẹ kọ? Gbogbo rẹ̀ ni mo wí o, kì í ṣe "púpọ̀ jù lọ".

Ìdí tí mo fi ń bèèrè ni pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti kọsẹ̀. Rybka tí Bàbá dárúkọ, ní 2011 ni ICGA, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje àgbáyé àwọn ẹ́ńjìnnì, sọ pé wọ́n rí kóòdù Crafty, ẹ́ńjìnnì mìíràn, àti ti Fruit nínú rẹ̀, wọ́n sì gba oyè àgbáyé ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, láti 2007 dé 2010. Èyí tí kò tíì pẹ́ ni Fat Fritz 2 ti ilé-iṣẹ́ ChessBase. Oṣù Kejì 2021 ló jáde, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 yúrò. Àwọn tó ni Stockfish yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní Stockfish náà ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó fi ń díwọ̀n ipò nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ní oṣù Keje wọ́n pe ChessBase lẹ́jọ́ ní Jámánì. Oṣù Kọkànlá 2022 ni wọ́n tó fi àdéhùn parí rẹ̀, ChessBase sì gbà láti má ta ohunkóhun tó ní Stockfish nínú fún ọdún kan.

Ilé-iṣẹ́ ńlá nìyẹn o. Ìwọ tí o ń ṣiṣẹ́ báǹkì ńkọ́?

Bàbá_Leeds

Ọ̀rọ̀ Rybka kò tán síbẹ̀ yẹn, Agbẹjọ́rò. Wọ́n fòfin de Rajlich títí ayé, ó gbé ẹjọ́ lọ bá FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, ní 2015 FIDE kìlọ̀ fún ICGA lórí ìfòfindè yẹn. Àwọn kan gbà pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ títí dòní. Ẹ má sọ apá kan kí ẹ fi apá kan sílẹ̀.

Agbẹjọ́rò_Àkúrẹ́

Mo gbà, sà. Ṣùgbọ́n oyè kò padà wá.

Aṣèdánwò

Stockfish wà lábẹ́ GPL, ìwé àṣẹ tó sọ bí a ṣe lè lo kóòdù rẹ̀. GPL kò sì jẹ́ kéèyàn tà. Bó bá mú ìlà kan níbẹ̀, kó gbàgbé owó.

Agbẹjọ́rò_Àkúrẹ́

Rárá o, irọ́ tó wọ́pọ̀ nìyẹn. GPL jẹ́ kéèyàn tà, iye tó bá wù ú. Ohun tó ní kí o ṣe ni pé ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ gbọ́dọ̀ rí kóòdù rẹ̀ gbà bó bá fẹ́, òun náà sì láṣẹ láti tún un ṣe, láti fún ẹlòmíì, tàbí kó tà á. O kò lè tà á kí o tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ChessBase nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n gbowó.

Olùkọ́_Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ fẹ́ tà á fún náà sọ̀rọ̀.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ṣẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ìdákẹ́ iṣẹ́ ilé ìwé. Nígbà tí Tunde Onakoya ta á fún wákàtí 60 ní Times Square ní oṣù Kẹrin 2024, àwọn òbí tí kò kà mí sí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wá. Pátákó mẹ́sàn-án ni mo ní, ọmọ ju ogún lọ. Ẹni tí kò bá rí pátákó, fóònù mi ni mo máa ń gbé fún.

Ní Wẹ́sìdeè tó kọjá, ọmọkùnrin kan jókòó ti fóònù yẹn. Ó ta bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo kàn rí i tó da ojú fóònù délẹ̀ jẹ́jẹ́, tó fi ìwé rẹ̀ bò ó, tó wá ń wo àwọn tó wà nídìí pátákó. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ma, kì í ṣì." Mo ti fà á wálẹ̀ dé ìpele àkọ́kọ́ o! Ohun tó sì ń ṣe ní ìpele yẹn kò dáa: á ta bí olóyè ní ìgbà mẹ́wàá, lẹ́yìn náà á fi ayaba rẹ̀ sílẹ̀ lásán bí ẹni tí wèrè kọ lù. Ọmọ ò lè kọ́ nǹkan kan lára ìyẹn.

Àbúrò mi, bí tìrẹ bá lè ṣì bí èèyàn ti ń ṣì, tó sì lè sọ ọ́ ní Yorùbá pé "o fi ẹṣin rẹ sílẹ̀ láìsí ẹ̀ṣọ́", màá fi owó ara mi rà á. Bó bá jẹ́ pé agbára nìkan ló ní, mo ti ní èyí tó lágbára lọ́fẹ̀ẹ́.

Òǹtajà_Alẹ́ (Èkó)

Ma, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí n yí ohun díẹ̀ padà nínú ohun tí mo sọ lókè.

Mo ti ta áàpù rí. Àlọ́ àpamọ̀ fún ọmọdé ni, ₦1,000. Google gba 25 dọ́là lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì ń yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tí mo bá tà. Ìyẹn kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ní ọdún kan gbáko, èèyàn 41 ló rà á. Lọ́jọ́ kan mo wà nínú bọ́ọ̀sì ní Ọ̀jọ̀tá, mo gbọ́ ohùn ara mi: "Ààlọ́ o!" Ìyá kan ló gbé fóònù fún ọmọ rẹ̀. Inú mi dùn, mo bi í níbi tó ti rí i. Ó ní WhatsApp ìjọ àwọn ni wọ́n ti pín in.

Mi ò sọ nǹkan kan. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Nítorí náà, má gbé e lọ sọ́jà fún gbogbo ayé. Ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà ogún yẹn ni kí o tà á fún, kí o kọ àdéhùn sílẹ̀, kí o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpè fóònù ọjọ́ Àìkú kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ ní ₦5,000 á rò pé òun ra ìwọ náà mọ́ ọn.

Ọmọ_Ọlọ́pọ́n

Gbogbo wahala yìí lórí ṣẹ́ẹ̀sì. Kí ló dé tí o ò kọ ti ayò ọlọ́pọ́n? Ìyẹn ni tiwa, kò sí Stockfish nídìí ẹ̀ tó máa lù ọ́.

Títí_Houston

Ó wà o, ẹ̀gbọ́n, ó tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2002, Romein àti Bal ní yunifásítì kan ní Amsterdam tú awari, ìbátan ayò wa, dé gbòǹgbò: ipò 889,063,398,406 ni kọ̀ǹpútà wọn yẹ̀ wò. Bí àwọn méjèèjì kò bá ṣì rárá, ọ̀mì ni. Àwọn òfin kan yàtọ̀ sí ti bàbá wa nídìí ọpọ́n, nítorí náà àyè ṣì wà fún yín.

Ọmọ_Ọlọ́pọ́n

Ọ̀mì kẹ̀? Kí wọ́n wá ta á ní Ìṣẹ́yìn.

Adékóòdù (Ìbàdàn)

Ẹ kú àdúrótì mi. Mi ò dáhùn ní kíákíá torí ìbéèrè Agbẹjọ́rò kò jẹ́ kí n sùn.

Mo lọ ṣí àwọn fáìlì tí mo kọ ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹ ò ní gbà gbọ́. Apá tó ń ṣètò bí àwọn ọmọ-ogun ṣe ń rìn, tó ń pa, tó ń di ayaba lópin pátákó, ti Stockfish ni. Mo rántí ọjọ́ yẹn báyìí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ọ̀rọ̀ ọmọ-ogun yẹn fi ń dà mí láàmú, mo wá lọ wo bí wọ́n ṣe ṣe é, mo ní kí n gbé e síbẹ̀ ná, màá padà wá kọ tèmi. Mi ò padà wá. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ṣì wà níbẹ̀ gbọnrangandan: `generate_pawn_moves`. Mi ò tiẹ̀ pààrọ̀ orúkọ.

Bí ogójì ìlà ni nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé. Ṣé torí ogójì ìlà...?

Agbẹjọ́rò_Àkúrẹ́

Torí ogójì ìlà ni. Ó dáa tó jẹ́ pé ìwọ lo rí i, kì í ṣe ẹlòmíì.

Títí_Houston

Àbúrò, ọ̀nà méjì ló wà, kò sì sí èyí tó burú. Bí o bá fẹ́ fi í síbẹ̀, fi gbogbo ẹ́ńjìnnì náà sábẹ́ GPL, kọ ọ́ síwájú pé Stockfish lo ti mú apá yẹn, kí o wá gbowó lórí iṣẹ́: gbígbé e sórí kọ̀ǹpútà, kíkọ́ àwọn olùkọ́. Tàbí kí o tún un kọ. Bí o bá fẹ́ tún un kọ, pa tiwọn dé. Má ṣí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí o máa kọ tìrẹ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àdàkọ náà ni ìyẹn, o kàn yí orúkọ padà ni.

Bí ẹ́ńjìnnì rẹ bá sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ibo lo ti rí eré tí o fi kọ́ ọ? Ti Lichess kò ní wàhálà, CC0 ni, gbogbo ayé ló ni ín. Ti Lc0, ẹ́ńjìnnì mìíràn, ní àdéhùn tirẹ̀, lọ kà á.

Adékóòdù (Ìbàdàn)

Eré Lichess ni, ẹ̀gbọ́n. Ọpẹ́lọpẹ́ pé dátà tiwọn rọrùn láti gbà.

Aṣèdánwò

Tó bá fi sábẹ́ GPL, ṣé kò ní di dandan kó gbé kóòdù sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé?

Agbẹjọ́rò_Àkúrẹ́

Kò di dandan. Ẹni tó bá gba ètò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ló jẹ ní gbèsè kóòdù. Ṣùgbọ́n bí ẹni yẹn bá gbé e síta lọ́la, kò sí ohun tó lè ṣe sí i. Nítorí náà, mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n gbé e síta fúnra wọn, kí orúkọ wọn lè wà níwájú.

Bàbá_Leeds

Ṣé ẹ rí i? Ọ̀dọ̀ mi náà lẹ padà wá.

Títí_Houston

Ẹ rọra, Bàbá. Kò tíì sẹ́ni tó ní kó má gbowó.

Adékóòdù (Ìbàdàn)

Mo ti bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Mo jókòó, mo ṣàlàyé GPL fún un, mo ṣàlàyé kóòdù, mo sọ ti ogójì ìlà. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ṣé orúkọ ilé ìwé mi á hàn nígbà tó bá ṣí?" Ohun tó ń wá látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn! A ti fẹnu kò: ₦100,000 náà ni, mo máa gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo sì máa wá ní Sátidé méjì láti kọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀. Kóòdù á wà ní gbangba. Olùkọ́ Abẹ́òkúta, mo ti bẹ̀rẹ̀ ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ẹṣin, ẹ ní sùúrù fún mi. Bí a ṣe ń mú kó ṣì bí èèyàn le ju bí a ṣe ń mú kó borí lọ.

Síbẹ̀ ojú ń tì mí fún ogójì ìlà yẹn, nítorí náà mo ń tún un kọ. Òru mẹ́ta rèé. Mo ní kó ka gbogbo ọ̀nà tí eré lè gbà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n fi wé iye tí gbogbo ayé mọ̀. Ìpele kẹrin, ìyẹn ìta mẹ́rin, bára mu: 197,281. Ṣùgbọ́n ní ìpele karùn-ún, 4,865,609 ló yẹ kí n rí, 4,865,351 ló ń gbé wá. Mo ti yẹ gbogbo ìlà wò. Iná ti lọ, bátìrì laptop ku ìdá 19. Ta ló mọ̀ ọ́n?

Títí_Houston

258 ló sọ nù. Iye en passant, ìyẹn bí ọmọ-ogun ṣe ń pa ọmọ-ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fo ilé méjì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó wà ní ìpele karùn-ún gan-an nìyẹn, ìpele kẹrin kò ní ìkankan, ìyẹn ló ṣe bára mu. Ṣé o kọ en passant síbẹ̀ rárá?

Adékóòdù (Ìbàdàn)

Háà.